Ẹ Jẹ́ Ká Gbọ́ Ti Onílé

"Màmá, kí ló dé tí ẹ ò kàn mú ìdáhùn tí àwọn olùdánwò ń fẹ́?"

Ìbéèrè tí mo fi ìgboyà bi ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin nìyẹn, lọ́jọ́ tí a gbọ́ pé wọ́n ti fìdí rẹmi nínú ìdánwò àbáwọlé ilé ẹ̀kọ́ òfin. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n nà sí mi, pé kí n bá wọn ki òwú bọ̀ ọ́.

Ìtàn ìdánwò yẹn ò tíì kúrò lẹ́nu àdúgbò títí dòní. Nínú ìwé ìbéèrè, ayálégbé kan ṣàlàyé pé onílé ti ilẹ̀kùn mọ́ òun síta. Ìbéèrè ni pé, ta ló jẹ̀bi? Màmá nawọ́ sókè.

"Ẹ jọ̀wọ́ ọ̀gá, ayálégbé ti rojọ́ tirẹ̀. Onílé ńkọ́?"

"Màmá, kò sí onílé kankan," ni olùṣọ́ ìdánwò dáhùn. "Inú ìwé lásán ni."

"Kò sí onílé? Ta ló wá ti ilẹ̀kùn?"

Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Màmá ò rẹ́rìn-ín ní tiwọn. Ẹni tó bá gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Gbogbo ìbéèrè tó jẹ́ pé ẹnìkan ṣoṣo ló rojọ́ níbẹ̀, wọ́n fi sílẹ̀ láìdáhùn. Bẹ́ẹ̀ ẹnìkan ṣoṣo ló rojọ́ nínú ìbéèrè kọ̀ọ̀kan.

Télọ̀ tó ti ilé ìwé alẹ́ gba ìwé mẹ́wàá ni wọ́n. Ẹjọ́-Kò-Tíì-Tán ni àdúgbò ń pè wọ́n, nítorí bí ẹni méjì bá ti ń jà níta, Màmá á fi aṣọ sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ, wọ́n á gbé àga jáde láti gbọ́ ẹjọ́ wọn. Ọkọ ìyàwó kan wá gba ṣòkòtò tó fẹ́ fi ṣègbéyàwó láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an. Ìjà kan ń lọ lọ́wọ́ níta; Màmá ní kó jókòó, kó wá ṣe ẹlẹ́rìí. Nígbà tí ìjà náà fi máa parí, àwọn àna rẹ̀ ti ń wá a kiri.

Ilé ẹ̀kọ́ òfin náà kì í gba ẹnikẹ́ni láàyè àtiṣe ìdánwò náà ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Bí Màmá bá tún fìdí rẹmi, ó parí nìyẹn. Ni mo bá ń ti ilé ìwé gba ṣọ́ọ̀bù wọn lọ, tí mò ń ka ìbéèrè fún wọn bí wọ́n ti ń ránṣọ.

"Ẹni márùn-ún fẹ́ jókòó lórí bẹ́ǹṣì," mo kà á. "Olùkọ́ kò gbọdọ̀ jókòó ti nọ́ọ̀sì. Dírẹ́bà gbọdọ̀..."

Ẹ̀rọ dákẹ́. "Dúró ná. Kí ló dé láàárín olùkọ́ àti nọ́ọ̀sì?"

"Màmá, ìwé ò sọ."

"Wọ́n ń bára wọn yan odì, ẹni mẹ́ta wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó lè là wọ́n? Ẹ kọ́kọ́ parí ìjà yẹn, kí kálukú wá jókòó síbi tó bá wù ú!"

Ọkọ wọn, oníbúrẹ́dì tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ wọ́n bí ojú, dúró lẹ́nu ọ̀nà, ìyẹ̀fun lọ́wọ́ méjèèjì.

"Ìyá ilé, inú ilé ẹjọ́ lo ti máa gbọ́ tọ̀tún-tòsì. Ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ lo ṣì wà yìí. Bó o bá fìbínú dúró síta, àwọn tó ń gbọ́ tẹnìkan dájọ́ ló máa wọlé."

"Bàbá ilé, ta ló sọ yín di lọ́yà?"

"Ìwọ ni. Ṣebí abẹ́ òrùlé kan náà là ń gbé."

Lọ́jọ́ ìdánwò kejì, oníbàárà kan ló fẹjọ́ òǹtajà sùn nínú ìwé ìbéèrè. Màmá mú òǹtajà ní ẹlẹ́bi. Títí a fi délé ni wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ lójú ọ̀nà. "Òǹtajà, má bínú sí mi. Jẹ́ kí n wọlé ná. Wàá rojọ́."

Wọ́n yege. Ọkọ wọn gbá wọn mọ́ra. Àpá ọwọ́ ìyẹ̀fun méjì hàn lẹ́yìn aṣọ wọn, Màmá ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ̀n ọ́n nù.

Wọ́n di lọ́yà lóòótọ́. Níjọ́ kan nílé ẹjọ́, lọ́yà tó ń ta kò wọ́n gbàgbé kókó kan tó dára nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Màmá ló rán an létí. Díẹ̀ ló kù kí oníbàárà Màmá dákú.

Àìsàn tó mú wọn lọ ti dá wọn dùbúlẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣẹ́wọ́ sí mi níbi tí mo jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn.

"Ìbéèrè tó o bi mí níjọ́sí, pé kí ló dé tí mi ò kàn mú ìdáhùn tí wọ́n ń fẹ́, mi ò gbàgbé o. Nígbà tí mo kéré, olùkọ́ wa wá sọ fún bàbá wa pé mo fọ́ fèrèsé ilé ìwé. Bàbá ní kí n má lọ síbẹ̀ mọ́, wọ́n fà mí lé télọ̀ lọ́wọ́. Olùkọ́ rojọ́, bàbá dájọ́. Kò sẹ́ni tó bi mí pé báwo ló ṣe jẹ́."

Omi bọ́ lójú mi. Mo di ọwọ́ wọn mú. "Màmá, kí ni ẹ̀ bá sọ ká ní wọ́n bi yín?"

Ẹ̀rín gbà wọ́n lẹ́nu.

"Ǹ bá ní èmi ni mo fọ́ ọ. Òkúta méjì ni mo jù. Àmọ́, ọmọ mi, ó yẹ kí wọ́n bi mí."