Kí Ló Bí Ọ Nínú Níbẹ̀?

"Tí o bá wọkọ̀ lọ sí sùkúù ọmọ yẹn láàárọ̀ yìí, láti òní lọ, ohun tó bá rò pé o fẹ́ gbọ́ nìkan ni yóò máa sọ fún ọ."

Ọkọ mi ló kìlọ̀ bẹ́ẹ̀ fún mi lẹ́nu ọ̀nà ilé wa ní Ajah, bí mo ṣe ń wá ẹsẹ̀ bàtà mi kejì kiri. Ọmọ wa obìnrin tó wà ní yunifásítì ti pè wá pé òun ò ṣe akáńtáńtì mọ́, òun ò sì tíì mọ ohun tí òun fẹ́ ṣe. Èmi fẹ́ lọ bẹ àwọn olùkọ́ rẹ̀ pé kí wọ́n má ṣe dá a lóhùn. N kò lọ. Kì í ṣe pé ọkọ mi mọ ọ̀rọ̀ sọ jù mí lọ. Ìyá bàbá mi ni mo rántí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti pẹ́ tó ti fi ayé sílẹ̀.

Bí mo bá rántí Màmá, ìró àgbọn ni mo máa ń kọ́kọ́ gbọ́. Ó máa ń rin ín sára páànù tí wọ́n fi ìṣó dá lu, ṣáà, ṣáà, ṣáà, láti ìdájí títí oòrùn yóò fi gòkè. Abúlé wa wà láàárín ọ̀sà àti òkun, ní ìsàlẹ̀ Ajah. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn ogun abẹ́lé ni mò ń sọ yìí. Títì ọ̀dà kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa, ọkọ̀ ojú omi la fi ń lọ sí Èkó. Tí atẹ́gùn bá fẹ́ wá láti ojú òkun, ètè wa á máa dùn bí iyọ̀. Tó bá fẹ́ láti ọ̀sà, òórùn ẹja yíyan ni.

Àdí àgbọn ni Màmá ń ṣe. Tó bá ti rin àgbọn tán, á fún un, á gbé omi funfun tó jáde níbẹ̀ kaná, títí àdí yóò fi yọ sókè, tí yóò mọ́ gaara, tí òórùn rẹ̀ á sì gba gbogbo agboolé. Iṣẹ́ tèmi ni pé kí n jókòó ti ìkòkò, kí n máa wò ó. "Màmá, ó ti léfòó o!" Òun á sì fi igbá bù ú wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, láìjẹ́ kí igbá náà kan omi ìsàlẹ̀.

Màmá ní ìwà kan tí n kò rí lára ẹlòmíràn. Ọmọ tó bá ti dàgbà nínú agboolé wa tí kò mọ iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe, Màmá á mú un lọ síbi iṣẹ́ kan, á ní kó wà níbẹ̀ láti ọjọ́ ọjà kan dé òmíràn. Kò ní kó kọ́ṣẹ́ o. Ó ní kó jókòó, kó máa wò. Nígbà tí ọmọ náà bá padà dé, àwọn tó kù á máa bi í pé, "Ṣé o gbádùn ẹ̀?" Màmá kì í béèrè bẹ́ẹ̀. Á máa rin àgbọn rẹ̀ lọ, á ní, "Kí ló bí ọ nínú níbẹ̀?"

Mo bi í léèrè ìdí rẹ̀ lọ́jọ́ kan.

"Ohun tó dára, ta ni kì í gbádùn ẹ̀?" ni Màmá wí. "Èmi náà máa ń gbádùn ọkọ̀ òfuurufú tó ń kọjá lókè, ṣé mo lè wà á ni? Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n ń bà jẹ́ lójú ẹ, tí o ò lè gbójú kúrò níbẹ̀, ìyẹn ni tìẹ."

Bàbá mi fúnra rẹ̀, ọ̀dọ̀ télọ̀ ni Màmá mú un lọ nígbà tó wà lọ́mọdé. Nígbà tó dé, kò sọ̀rọ̀ aṣọ kankan. Ohun tó bí i nínú ni kẹ̀kẹ́ oníbàárà kan tó máa ń dún kín-ín, kín-ín níta, tí ẹnikẹ́ni kò ta epo sí. Mẹkáníìkì ni bàbá mi dà, títí tó fi fẹ̀yìn tì.

Àbíkẹ́yìn Màmá, àbúrò bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí, ni ọmọ abúlé wa àkọ́kọ́ tó wọ yunifásítì. Nígbà tó wálé fún ìsinmi ọdún kìíní, irun orí rẹ̀ rí roboto bí agbòòrùn, àwa ọmọdé sì ń tẹ̀ lé e kiri. Ṣùgbọ́n ọ̀ràn kan ń bẹ. Ní sùkúù wọn, tí wọ́n bá wọlé padà, oníkálùkù á sọ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tó fẹ́ fi gbàwé ẹ̀rí. Bàbá àgbà, ọkọ Màmá, tó jẹ́ káfíńtà, ti yan tirẹ̀ fún un: lọ́yà. Àwọn kan tí a kò mọ̀ rí ti wá wọn ilẹ̀ ẹbí wa lẹ́yìn igbó àgbọn, wọ́n sì ri òpó sìmẹ́ńtì kéékèèké mọ́ ọn.

"Ọmọ tèmi ló máa hú òpó yẹn," ni Bàbá máa ń wí, "ẹnu ló sì máa fi hú u. Tí kò bá ṣe lọ́yà, kó má padà síbẹ̀ mọ́. Ilé ọkọ ń bẹ."

Bàbá kì í sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣeré. Àǹtí pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò sì bá a jiyàn, torí kò ní ohun mìíràn tó fẹ́.

"Màmá, ẹ ṣáà yan ọ̀kan fún mi, kí n lọ sùn," ló wí.

"Èmi tí n kò mọ ẹnu ọ̀nà sùkúù? Dìde, ó yá."

Ọ̀dọ̀ lọ́yà kan ní Èkó ni Màmá kọ́kọ́ mú un lọ, torí pé mọ̀lẹ́bí wa kan ni akọ̀wé níbẹ̀. Nígbà tí Àǹtí dé, Màmá kò dáwọ́ àgbọn dúró.

"Kí ló bí ọ nínú níbẹ̀?"

"Kò sí o, Màmá. Àga wọn dára. Oorun ló kàn ń kùn mí."

"Oorun kì í ṣe ìbínú. Mú àgbọn kan, máa rin ín."

Ó tún mú un lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan lọ́nà Ẹ̀pẹ́. Àǹtí ní àánú àwọn aláìsàn ṣe òun.

"Àánú dára. Ṣé inú bí ọ?"

"Rárá, Màmá. Àwọn nọ́ọ̀sì náà mọṣẹ́ wọn."

Bàbá pariwo láti ìdí pákó tó ń fá. "Ìbínú lò ń wá fún ọmọ? Èmi ní i lọ́pọ̀ yanturu, wá bù nínú ẹ̀!"

Màmá rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìsinmi ń tán lọ, ilé ọkọ sì ti ń dún léraléra lẹ́nu Bàbá.

Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kan, wọ́n ń gbẹ́ kàǹga tuntun sí ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláṣí. Omi àwọn kàǹga tí wọ́n ti gbẹ́ tẹ́lẹ̀ ti di omi iyọ̀. Ẹni tó bá fi fọ ẹnu nígbà àlùwàlá, ojú rẹ̀ á fún pọ̀. Bàbá kan tó ń gbẹ́ kàǹga ní gbogbo agbègbè wa, tí a ń pè ní Bàbá Oníkàǹga, ló wà nínú ihò náà. Kò pẹ́ tó fi kan omi. Wọ́n fún wa ní díẹ̀ tọ́ wò, ó dùn. Bàbá Oníkàǹga ní ó kéré, ó sì ń gbẹ́ ẹ lọ. Nígbà tí èmi àti Àǹtí fi máa gbé garawa padà débẹ̀, ẹnìkan ti tu omi dànù lẹ́nu, ó ní, "Òkun ti dé o!"

Garawa Àǹtí ni mo gbọ́ tó já bọ́.

"Ẹ dáwọ́ dúró! Bàbá, omi dídùn lẹ bá láàárọ̀, ẹ ti gbẹ́ ẹ kọjá!"

"Ọmọ yunifásítì," ni Bàbá Oníkàǹga dáhùn láti inú ihò, "ìwọ̀nba tó wà níbẹ̀ yẹn, ṣé itọ́ ni kí Lèmọ́mù fi kún un?"

"Ẹ fẹ̀ ẹ́, ẹ má jẹ́ kó jìn! Ẹ wo ìkòkò Màmá mi. Àdí ló wà lókè, omi ló wà nísàlẹ̀. Tí ẹ bá ki igbá bọ̀ ọ́ dé ìsàlẹ̀, ṣé àdí lẹ máa bù? Bí omi òjò ṣe léfòó lórí omi òkun nínú iyanrìn yìí nìyẹn!"

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Mo gbọ́ díẹ̀ ní sùkúù, mo rí ìyókù nínú ìkòkò!"

"Tó bá dá ẹ lójú, ṣọ́bìrì rèé."

Ó rò pé àwàdà ni. Àǹtí bọ́ bàtà, ó so ìró rẹ̀ mọ́dìí, ó gba ṣọ́bìrì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wa iyanrìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, bó ti ń wà á ló ń jà. Mo sáré lọ pe Màmá. Ó dé pẹ̀lú àgbọn rínrin lọ́wọ́. Mo rò pé yóò bá Àǹtí wí níwájú àwọn àgbà. Ó dúró, ó wo òógùn tó ń kán lójú ọmọ rẹ̀, ó gbọ́ ohùn rẹ̀, ló bá pàtẹ́wọ́.

"Alhamdulilahi! Ẹ wá wò ó, inú ti bí i! Inú ti bí ọmọ mi!"

Àwọn kan rò pé orí Màmá ti dàrú. Bàbá Oníkàǹga rẹ́rìn-ín, ó jáde nínú ihò, ó gba ṣọ́bìrì lọ́wọ́ Àǹtí, ó sì gbẹ́ kàǹga mìíràn tó fẹ̀ tí kò jìn. Títí ìsinmi fi tán, omi rẹ̀ kò yí padà. Láti ọjọ́ náà ni bàbá náà ti ń ránṣẹ́ pe Àǹtí: "Ẹ bá mi pe Ìyá Olómi." Èmi àti òun ń lọ láti abúlé dé abúlé, a ń tọ́ omi kàǹga wò, ebi ń pa mí, òun kò sì rántí oúnjẹ.

Ó wá sọ fún Màmá pé ẹ̀kọ́ kan wà ní sùkúù wọn nípa ilẹ̀, òkúta, àti omi tó wà nísàlẹ̀ wọn. Òun ló fẹ́ ṣe. Ó ku Bàbá.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí Màmá fẹ́ bá Bàbá sọ̀rọ̀, mo rí i pé ó ti dáwọ́ àgbọn dúró.

"Màmá, ṣé ẹ̀rù ń bà yín ni?"

"Ó ń bà mí. N kò rí ẹni tó ṣe irú iṣẹ́ yẹn rí, n kò mọ̀ bóyá á jẹun nídìí ẹ̀. Ṣùgbọ́n tórí pé ẹsẹ̀ ń dun èmi, ṣé kí n ní kí ọmọ má rìn ni?"

Ó dìde, ó lọ kúnlẹ̀ fún Bàbá nídìí pákó rẹ̀.

"Mo rán ọmọ lọ sí yunifásítì kó lọ kọ́ kàǹga gbígbẹ́?" ni Bàbá figbe ta. "Bàbá Oníkàǹga kò lọ sùkúù kankan, ihò rẹ̀ pọ̀ ju ti òkété lọ!"

"Bàbá wọn, mo mú un lọ sọ́dọ̀ lọ́yà, oorun ló ń kùn ún. Lọ́yà tó ń tòògbé ni yóò gba ilẹ̀ wa?"

"Ilẹ̀ ńkọ́, nígbà náà?"

"Ẹ jẹ́ ká lọ wá lọ́yà tí inú ń bí."

Bàbá fẹ́ fajú ro, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó yíjú sí Àǹtí. "Iṣẹ́ omi yẹn, ṣé èèyàn ń jẹun nídìí ẹ̀?"

"Bàbá, ta ni kì í mumi?"

Pákó tó dára jù nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni Bàbá fà yọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kan àpótí tí Àǹtí yóò gbé padà sí sùkúù.

Mo ní láti sọ ọ́ bó ti rí: a pàdánù apá kan nínú ilẹ̀ náà lẹ́yìn náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a gba lọ́yà. Bàbá kò fi ìyẹn bú Àǹtí rí. Àǹtí sì jẹun nídìí omi títí tó fi fẹ̀yìn tì, ó tún fi owó rẹ̀ kọ́lé.

Èmi kì í ṣe onígboyà. Bí ọmọ mi bá pẹ́ dé, mo ti máa ń ro ohun tí kò yẹ kí èèyàn rò. Màmá kò fi ìgboyà sílẹ̀ fún mi, torí òun náà kò ní i. Ohun tó fi sílẹ̀ fún mi ni pé èèyàn lè máa bẹ̀rù lórí ọmọ, kó sì ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún un síbẹ̀.

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín wà ní yunifásítì tí kò tíì mọ ibi tó ń lọ, ẹ jọ̀wọ́, nígbà ìsinmi, ẹ jẹ́ kó lọ jókòó síbi iṣẹ́ díẹ̀, kó máa wò. Tó bá dé, ẹ bi í léèrè ohun tó bí i nínú níbẹ̀. Kí ẹ sì dákẹ́, kó lè dáhùn.