Ìlà Méjì ní Ibereko

Òórùn epo àgbọn ni mo fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́ ní Ibereko láyé ìgbà yẹn. Ìyàwó bàbá onílé wa máa ń se omi àgbọn tó ti fún nínú ìkòkò ńlá lẹ́yìn ilé, èéfín èèpo àgbọn tó fi ń dáná á sì wọ yàrá, á wọ aṣọ, á wọ irun. Mo fẹ́ràn rẹ̀, n ò ní purọ́. Olùkọ́ ni èmi àti ọkọ mi, Èkìtì la ti wá, iṣẹ́ wa sì wà lọ́nà Ìjànikin. Sójà ló ń ṣèjọba, Sáàpù, ètò ọrọ̀ ajé tí wọ́n gbé dé, ti sọ owó oṣù di ohun tí à ń gbọ́ ìròyìn rẹ̀ tí a kì í rí. Ẹni tó bá rí yàrá kan àti pálọ̀ lọ́dọ̀ onílé tó ní sùúrù, kó yáa dì í mú ṣinṣin ni. Bàbá tiwa ní sùúrù. Ègùn ni, ó máa ń gbé ọmọ wa jó láàárọ̀, á máa fi èdè Ègùn kọrin fún un.

Àfi ìgbà tí ìbò dé. Sójà ló dá ẹgbẹ́ òṣèlú méjì sílẹ̀ fún wa bí ẹni ń pín aṣọ ilé-ìwé fún ọmọdé, ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo ló lẹ́nu lápá ọ̀dọ̀ wa, gbogbo wa la sì wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní ká wá yan ẹni tí ẹgbẹ́ náà máa fà kalẹ̀ fún ipò ààrẹ. Kò sí bébà, kò sí àpótí. Wọ́n á gbé àwòrán àwọn tó ń du ipò síta gbangba, kí kálùkù lọ tò sẹ́yìn ẹni tó bá fẹ́, kí wọ́n wá ka orí èèyàn. Ṣé o rí ìwà ìkà? Ọ̀gá rẹ ń wò ọ́, àna rẹ ń wò ọ́, onílé rẹ náà ń wò ọ́.

Nígbà tí ìbò ku ọ̀la, bàbá onílé pe gbogbo ayálégbé sí àgbàlá. Kò pariwo rárá. Ó ní, "Ẹni tó bá ń sùn lábẹ́ òrùlé mi, ẹ̀yìn ẹni tèmi ni yóò tò sí. Ẹni tí kò bá lè ṣe é, kó wá ibòmíràn sùn."

Ẹlòmíràn ni mo fẹ́, ẹni tó ní òun máa rí sí owó oṣù olùkọ́. Ọkọ mi bẹ̀ mí títí, ó ní a ti lọ́mọ, ibo la fẹ́ gbé e lọ. A wá fẹnu kò pé òun máa lọ tò sí ìlà bàbá, kí èmi jókòó ti ọmọ nílé. Mo gbà, àmọ́ tìbínútìbínú ni mo fi gbà.

Lọ́jọ́ ìbò, ara mi ò gbà á. Bí mo ṣe ń gbọ́ ariwo láti pápá ilé-ìwé, ó ń ṣe mí bíi pé ẹnìkan jókòó lé mi láyà. Mo pọn ọmọ, mo jáde. Ìlà bàbá gùn dé ẹ̀yìn kíláàsì. Òun fúnra rẹ̀ wà níwájú, ọkọ mi wà láàárín, ó dorí kodò. Ìlà kejì, ti ẹni tí mo fẹ́, ò ju èèyàn díẹ̀ lọ, àlejò bíi tiwa ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Mo kúnlẹ̀ kí bàbá onílé bí mo ṣe máa ń kí i, mo dìde, mo lọ tò sí ìlà kejì. Ó ṣe díẹ̀, mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lẹ́yìn mi. Ọkọ mi ni, ó ti kúrò lórí ìlà tiwọn. Kò wò mí lójú, ó kàn ní, "Gbé ọmọ wá, oòrùn ń pa á." N ò tíì fẹ́ràn ọkùnrin yẹn rí tó bí mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Kí oòrùn tó wọ̀, bàbá ti ní ká kó jáde tí oṣù bá parí. A ṣì ń wá ilé kiri nígbà tí rédíò sọ pé ìjọba ti fagi lé ìbò náà jákèjádò orílẹ̀-èdè, wọ́n ní màgòmágó pọ̀ nínú rẹ̀. Mo fò dìde, mo rò pé a ti bọ́. Mo sáré lọ kúnlẹ̀ níwájú bàbá, mo ní kò síbò mọ́, kò sẹ́ni tó wọlé, kò sẹ́ni tó fìdí rẹmi, kí wọ́n jọ̀ọ́ jẹ́ ká máa gbé. Ó dá mi lóhùn pé:

"Ìyàwó, ìbò ni wọ́n fagi lé. Èmi tí mo fojú ara mi rí yín ńkọ́?"

A kó jáde. Yàrá kan tó ń jò ní Iworo la rí, ọ̀nà ibi iṣẹ́ sì wá jìn débi pé ojú oorun ni ọkọ mi máa ń bá ọmọ tó bá wọlé lálẹ́, kì í sì í dúró kó jí kó tó lọ láàárọ̀. Mo bínú sí bàbá yẹn, mo ṣì ń bínú sí i. Ṣùgbọ́n àwọn tó wà lókè ni n ò lè dárí jì láéláé. Wọ́n kó wa sínú oòrùn kí aládùúgbò lè mọ inú aládùúgbò, ìgbà tí a sì tú ara wa fó tán, wọ́n ní àwọn ò ṣe mọ́, wọ́n padà sínú ilé ìjọba wọn. Ní gbogbo Nàìjíríà, onílé mi nìkan ló ka ìbò mi.