Páákéèjì tí mo fi ránṣẹ́ sí Ọ̀kà

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe ní Ìkàrẹ́. Ohun tó máa ń da àwọn tí mò ń kọ́ láàmú ni pé orúkọ tí à ń pe láíbírì, àkójọ kóòdù tí ẹlòmíràn ti kọ sílẹ̀, nínú kóòdù tiwa lè yàtọ̀ sí orúkọ páákéèjì tí a ó fi gbé e sórí ẹ̀rọ. Irú ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan sì tún ní orúkọ tirẹ̀, bí ọmọ tó ń jẹ́ orúkọ kan nílé, tó ń jẹ́ òmíràn ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọmọbìnrin kan tí mo kọ́ níṣẹ́ yìí ń ṣe tíṣà ní Ọ̀kà. Wọn ò tíì gbà á síṣẹ́ tán. Bí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ bá ṣe rí níwájú àwọn àgbà ilé ìwé ni wọ́n máa fi pinnu. Íńtánẹ́ẹ̀tì ò sí níbẹ̀, nítorí náà èmi ni mo kó àwọn páákéèjì sínú fíláàṣì, tí mo fi rán ọlọ́kadà.

Nígbà tó kan tkinter, láíbírì tó ń gbé bọ́tìnnì jáde lójú ẹ̀rọ, orúkọ tó ń jẹ́ lórí láptọ́ọ̀pù tèmi ni mo fi wá a: python3-tkinter. Python3-tk ló ń jẹ́ lórí ẹ̀rọ ilé ìwé wọn. Mo mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó, ìkánjú ni ò jẹ́ kí n ronú.

Ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí àwọn ọmọ máa fi iṣẹ́ wọn han àwọn àgbà ni ọmọbìnrin náà pè mí.

“Bọ̀ọ̀dá, ẹ má bínú o. Ẹ̀rọ ò gbà á. Ṣé kì í ṣe orúkọ ti láptọ́ọ̀pù yín lẹ fi wá a?”

“Ìwọ ló fẹ́ wá kọ́ mi ní ohun tí mo kọ́ ẹ? Lọ tún un ṣe!”

“Ẹ má bínú, sà.”

Bí mo ṣe gbé fóònù sílẹ̀ ni mo yẹ̀ ẹ́ wò. Òun ló jàre. Oòrùn ṣì wà lókè, ọ̀kadà ṣì ń lọ sí Ọ̀kà, ṣùgbọ́n n ò pè é padà. Ìgbéraga ni, kò lórúkọ míì.

Lọ́jọ́ kejì, kò sí iṣẹ́ ọmọ kan tó ṣí. Wọ́n ní kí ó máa lọ.

Ó wá kí mi ní Ìkàrẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn.

“Wọ́n bi mí léèrè ẹni tó kó páákéèjì wá. Mo ní èmi ni. Mi ò lè jẹ́ kí wọ́n máa bú ọ̀gá mi.”

Mo fẹ́ sọ fún un pé láti ọ̀sán ọjọ́ tó pè mí ni mo ti mọ̀ pé èmi ni mo ṣe àṣìṣe. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, “Ọlọ́run á ṣe òmíràn.”

Ó kúnlẹ̀, ó ní, “Àmín, sà. Ẹ ṣeun.”