Eré Ọwọ́, Iṣẹ́ Etí

Iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni kó máa gbọ́ ohun tí àwọn ẹlòmíì ti sọ tán. Ilé-iṣẹ́ kékeré kan tó ń ṣe pọ́díkáàsì ló gbà á. Olóòtú á fi ọ̀rọ̀ wá èèyàn lẹ́nu wò, ẹni tó ń gé ohùn á gé e, á tò ó, á fi orin sí i, lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbé e fún ẹ̀gbọ́n mi kó tó jáde síta. Bí ẹnì kan bá bú ìyá ẹlòmíì, tàbí tí wọ́n dárúkọ ẹni tí kò yẹ kí wọ́n dárúkọ, òun ló gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ. Lẹ́yìn rẹ̀ kò sí ẹnì kankan mọ́. Gbogbo ayé ló kù. "Ìyá Elétí" ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì bímọ.

Kò lè gbọ́ nǹkan bí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀. Láti kékeré ló ti rí bẹ́ẹ̀. Bí kò bá rí nǹkan fi ọwọ́ ṣe, ọkàn rẹ̀ á dìde kúrò lórí ìjókòó, á máa lọ wò bóyá òun ti ilẹ̀kùn ilé. Nítorí náà, géèmù ló fi ń ṣiṣẹ́. Kì í sì í ṣe géèmù kí géèmù. Kò gbọdọ̀ ní ọ̀rọ̀ tí èèyàn máa kà, torí ẹni tó ń kàwé ò lè gbọ́rọ̀. Kò gbọdọ̀ ní aago tó ń lé èèyàn kiri. Ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ kú nínú rẹ̀. Èyí tó fẹ́ràn jù ni ti oko: á kọ ebè, á gbin kábéèjì, á bomi rin ín, á kó o, á tún gbin òmíràn. Kò sí kòkòrò níbẹ̀, kò sí olè. Ó tún ní ọ̀kan tó jẹ́ pé ẹrù inú ilé lèèyàn á máa kó jáde nínú páálí, á máa tò ó sórí pẹpẹ. Á pa ohùn géèmù náà rẹ́, á ki íápíìsì kọ̀ǹpútà bọ etí, ọwọ́ á máa ṣe tirẹ̀, etí á máa ṣe tirẹ̀.

Nílé, ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n ń fi í ṣe. Bàbá wa á na ọrùn láti orí àga rẹ̀, á yọjú wo fóònù.

"Ọ̀gá àgbẹ̀, ìgbà wo la máa jẹ nínú kábéèjì yìí?"

"Ẹ fara balẹ̀, Bàbá. Ó kù díẹ̀ kó gbó."

"Láti ọdún tó kọjá ló ti kù díẹ̀."

Ìyá wa á ní, "Ẹ fi ọmọ sílẹ̀ jàre. Oko yìí ló ń san owó iná."

Òótọ́ sì ni. Ọdún mẹ́rin gbáko ni kò sí orúkọ kankan tó jáde tí kò yẹ kó jáde.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé ọ̀gá tuntun wá sí ọ́fíìsì. Ó gbé ìwé ẹ̀rí yunifásítì rẹ̀ kọ́ sára ògiri kó tó béèrè ibi tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà. Mo ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ nílé. Mo mọ ohun tí kò kọ́ èèyàn. Òfin àkọ́kọ́ rẹ̀ ni pé fóònù ò gbọdọ̀ hàn lórí tábìlì. Ẹ̀gbọ́n mi lọ ṣàlàyé fún un bí iṣẹ́ òun ṣe rí. Ó gbọ́ ọ, ó rẹ́rìn-ín.

"Àǹtí, ṣé awakọ̀ máa ń ta ayò kó tó lè wakọ̀ ni?"

Ẹni tó ń gé ohùn rẹ́rìn-ín. Olóòtú náà rẹ́rìn-ín, olóòtú tó mọ̀ dájú pé etí obìnrin yìí ni kò jẹ́ kí wọ́n tíì gbé òun lọ sílé ẹjọ́. Ẹ̀gbọ́n mi padà sórí tábìlì rẹ̀, ó gbé fóònù sórí itan, ó ń bá iṣẹ́ lọ lábẹ́ tábìlì bí ọmọléèwé tó ń jẹ gúgúrú nínú kíláàsì.

Bó ṣe ń ṣe é nìyẹn títí tí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ omi fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ọkùnrin náà ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń fọ omi tí gbogbo ìlú ń mu. Ó wá sọ fún olóòtú pé ó ti pẹ́ tí wọn ò ti fi oògùn tó ń pa kòkòrò sínú omi náà mọ́, àti pé ọ̀gá àwọn ní kí àwọn dákẹ́. Ohun kan ṣoṣo ló tọrọ. "Ẹ má jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé èmi ni. Bí wọ́n bá mọ̀, iṣẹ́ mi ti lọ nìyẹn, mi ò sì mọ iṣẹ́ míì." Olóòtú búra fún un. Wọ́n fi ẹ̀rọ yí ohùn rẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n ó ní orúkọ ìnagijẹ kan tí wọ́n fi ń pè é níbi iṣẹ́: Ọ̀gbẹlẹ̀, torí pé ó gbẹ bí igi ìdáná. Kò sí Ọ̀gbẹlẹ̀ méjì níbẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ yẹn ti mọ ẹni náà.

Àárọ̀ ọjọ́ tó yẹ kó jáde, gbogbo ọ́fíìsì ń gbóná. Wọ́n ti kéde pé ọ̀sán ló máa jáde. Ọ̀gá tuntun ń rìn lọ rìn bọ̀ láàárín àwọn tábìlì, bàtà rẹ̀ ń ró kò-kò-kò. Ẹ̀gbọ́n mi ti wà lóko. Ó ń bomi rin ebè kan nígbà tó gbọ́ ohùn ọkùnrin náà létí rẹ̀: "Ọ̀gá mi wò mí, ó ní, Ọ̀gbẹlẹ̀, ṣe bí ẹni tí ò rí nǹkan."

Ìka rẹ̀ dúró. Ó pe ẹni tó ń gé ohùn.

"Orúkọ wà níbẹ̀."

"Níbo? Mo ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì!"

"O gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì, o ò rí i. Yọ ọ́."

Ó yọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi padà síbi tó dé, ó ń bá a lọ. Olóòtú dúpẹ́, ó dágbére fún àwọn olùgbọ́, orin ìparí bẹ̀rẹ̀. Ẹlòmíì á ti yọ íápíìsì. Òun kì í yọ ọ́. Ó máa ń gbọ́ orin náà tán, á tún dúró gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tó tẹ̀ lé e, torí ó mọ̀ pé bí wọ́n bá ti ní "ó ti tán" ni ẹnu èèyàn máa ń tú.

Òjìji kan bò ó. Ọwọ́ kan wọ abẹ́ tábìlì, ó mú fóònù lórí itan rẹ̀. Ọ̀gá tuntun gbé e sókè kí gbogbo yàrá lè rí i.

"Ẹ wò ó o! Gbogbo wa ń sá sókè sódò, Àǹtí ń roko!"

Ẹ̀rín sọ.

"Ọ̀gá, iṣẹ́ ni mò ń..."

"Iṣẹ́ oko. Mo rí i." Ó ti fóònù náà bọ àpò. Kó tó di ọjọ́ yẹn, bí ẹ̀gbọ́n ló ṣe máa ń bá a sọ̀rọ̀. Lójú gbogbo wọn ló ti sọ "ẹ̀yin" di "ìwọ". "Ìwọ, ìbéèrè kan ni. Ṣé o ti gbọ́ ọ tán, àbí oko ò jẹ́?"

Orin ìparí ṣì ń lọ nínú íápíìsì tó ti yọ sọ́wọ́ kó lè dá a lóhùn.

"Mo ti gbọ́ ọ tán."

"Ó dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú."

Irọ́ ni. Kò sí ohun tó le nínú "kò tíì tán". Ọmọ ọwọ́ tí wọ́n já ọmú gbà lẹ́nu rẹ̀ mọ bó ṣe máa sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bó bá sọ ọ́, ọ̀gá á ní géèmù ló fà á sẹ́yìn, àwọn yòókù á tún rẹ́rìn-ín. Ó rò pé òun á yára gbọ́ ìyókù kó tó jáde. Ọ̀gá kò jẹ́ kó ráyè; ọ̀sán ti tó, ó lọ dúró lẹ́yìn ẹni tó ń gé ohùn, ó ní kó tẹ bọ́tìnnì tó máa gbé e síta. Ó tẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ki íápíìsì padà bọ etí. Orin tán. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ìró àga tí wọ́n ń fà sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà, ohùn olóòtú, pẹ̀lú ẹ̀rín: "Ẹ ṣé gan-an ni, Ọ̀gbẹlẹ̀. Ọkàn yín le."

Ó sáré. Ọ̀gá nìkan ló ní àṣẹ láti yọ nǹkan kúrò níta, ọ̀gá sì ti wọ ìpàdé pẹ̀lú àwọn tó ń polówó ọjà. Akọ̀wé nàró síwájú ilẹ̀kùn.

"Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má wọlé."

"Sọ fún wọn pé orúkọ ti jáde."

"Orúkọ ta ni?"

Kò lè dá a lóhùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ti akọ̀wé sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ṣílẹ̀kùn.

"Ọ̀gá, ẹ yọ ọ́ kúrò. Orúkọ kan wà nínú ẹ̀."

Ọ̀gá wo àwọn àlejò rẹ̀, ó wò ó. "Ṣebí o ní o ti gbọ́ ọ tán?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ọ́ ná. Ẹ bú mi lẹ́yìn náà."

"Mò ń bọ̀." Ó parí ọ̀rọ̀ tó ń bá àwọn àlejò sọ, ó bọ̀ wọ́n lọ́wọ́, ó sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà. Nígbà tó fi yọ ọ́, àwọn kan ti gé ibẹ̀ yẹn sọ́tọ̀, ó ti ń lọ láti fóònù dé fóònù.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn náà, ọkùnrin náà wá sí ọ́fíìsì. Ó gbẹ lóòótọ́. Wọ́n ti lé e. Ó béèrè olóòtú. Wọ́n ní olóòtú ti jáde, bẹ́ẹ̀ ni báàgì rẹ̀ wà lórí àga. Ọ̀gá tuntun ló jáde sí i.

"Ẹ má bínú, sà. Òṣìṣẹ́ wa kan ló ń ṣe géèmù lẹ́nu iṣẹ́. A ti bá a wí."

Ìtàn tí gbogbo wọn ti fẹnu kò lé lórí nìyẹn. Ó rọrùn: gbogbo èèyàn ló gbà pé eré ń ba iṣẹ́ jẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi pàápàá ti ń fi ara pamọ́ sábẹ́ rẹ̀ láti ọjọ́ náà. Nílé, èmi ni mo ń bi í bóyá ìtàn yẹn tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ṣùgbọ́n níwájú ọkùnrin náà, ó dìde.

"Èmi ni, sà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe géèmù. Mò ń ṣe é lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ orúkọ yín lákọ̀ọ́kọ́, tí mo ní kí wọ́n yọ ọ́. Wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n ní ṣé mo ti gbọ́ ọ tán. Mi ò tíì gbọ́ ọ tán. Mo ní mo ti gbọ́ ọ tán."

"Kí ló dé?"

"Ojú ń tì mí níwájú wọn."

Ọkùnrin náà wò ó títí. "Ojú ń tì ẹ́," ó ní, bí ẹni tó ń tọ́ ọ wò lẹ́nu. Ó yíjú sí ọ̀gá. "Níbo lẹ ti gba ohùn mi sílẹ̀? Kó lọ síbẹ̀, kó sọ ohun tó sọ yìí, kí gbogbo àwọn tó gbọ́ tèmi gbọ́ tiẹ̀."

"Sà, ìyẹn ò ṣeé ṣe. Orúkọ ilé-iṣẹ́..."

"Orúkọ," ni ọkùnrin náà wí.

Ẹ̀gbọ́n mi ti ń lọ sí yàrá náà.

"Bí o bá wọ ibẹ̀," ọ̀gá ní, "má padà sórí tábìlì ẹ mọ́ o."

Mi ò ní pè é ní ìgboyà. Ìgboyà ní àkókò tirẹ̀, ìyẹn sì ti kọjá nígbà tí orin ìparí ń lọ lọ́wọ́. Iṣẹ́ ọkùnrin náà ò padà wá. Ṣùgbọ́n ó wọlé, ó jókòó, ó fa máìkì sún mọ́ ẹnu. Níta, lẹ́yìn gíláàsì, ẹni tó ń gé ohùn wo ojú ọ̀gá, ó wo ọkùnrin gbígbẹ tó dúró tì í, ó sì tẹ bọ́tìnnì. Iná pupa tàn. Ẹ̀gbọ́n mi kò kí ẹnikẹ́ni. Orúkọ tí bàbá wa sọ ọ́ ló kọ́kọ́ pè, pẹ̀lú orúkọ ìdílé wa, ó rọra pè é kó lè dún dáadáa, kó tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.