Àgbọ̀n Ìyáàfin Spurling Nínú Oko Bóásì

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Enoch Tranter, ọkọ mi, fi ya àwòrán sínú ìwé àwọn ẹlòmíràn ní Lọ́ńdọ̀nù. Bí àwọn ọmọ mi, tí wọ́n ti di bàbá àti ìyá báyìí, bá ní kí n fi ẹyọ kan hàn wọ́n nínú ohun tí ọwọ́ bàbá wọn yà gan-an, n kò ní í rí i. Kì í ṣe pé olè kó o. Bí iṣẹ́ wọn ṣe rí nìyẹn. Yóò fi pẹ́ńsù ya àwòrán sórí igi líle pẹlẹbẹ kan tí kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, yóò gbé e fún afíngi. Afíngi yóò mú irin ṣóńṣó, yóò fín gbogbo rẹ̀ dànù, àyàfi ìlà tí yóò gba tàdáwà. Nígbà tó bá fi parí, àwòrán ọkọ mi ti di èérún igi nílẹ̀. Ìlà afíngi ni ayé ń rí nínú ìwé. Ọlọ́run nìkan ló mọ ohun tí Enoch yà, Ọlọ́run kì í sì í ra ìwé.

Ọmọ ẹlẹ́ja ni, ní Deptford. Ara ògiri ìsọ̀ bàbá rẹ̀ ló ti kọ́kọ́ fi èédú ya ẹja. Bàbá rẹ̀ nà án. Nígbà tó wá rí i pé àwọn oníbàárà ń dúró wò ó, ó ní kó ya edé mọ́ ọn. Àwòrán ìkòkò tíì ló fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, fún ìwé tí àwọn oníṣọ́ọ̀bù fi ń polówó ọjà. Láti orí ìkòkò tíì ló bọ́ sórí ẹranko. Ràkúnmí àkọ́kọ́ tó yà fún ìwé àwọn míṣọ́nnárì, màlúù ló wò yà á; ó kàn gbé iké lé e lẹ́yìn ni. Ẹnikẹ́ni kò bá a wí. Nígbà tó bọ́ sórí àwọn ènìyàn mímọ́, kò rówó háyà ẹni tí yóò jókòó fún un, nítorí náà Mósè rẹ̀, awakọ̀ ẹṣin kan tó máa ń mutí yó ní òpópónà wa ni. Mo ti gbọ́ ìwàásù púpọ̀ lórí ìwà tútù Mósè láti ìgbà náà. Ètè mi ni mo máa ń bù jẹ.

Afíngi tí àwọn atẹ̀wé fún Enoch ni Ọ̀gbẹ́ni Josiah Spurling. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ọwọ́ rẹ̀ mọ́, àléébù kan ṣoṣo ló ní: ó fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀ jù. Ìyáàfin Spurling ní àgbọ̀n kan tó máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé bí imú ọkọ̀ ojú omi, kò sì sí obìnrin tí Spurling fín tí kò fi àgbọ̀n náà ta lọ́rẹ. Dèbórà ní in. Ésítérì ayaba ní in. Ọmọ-ọwọ́ kan ní in nínú ìwé orin àwọn ọmọdé.

Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mí nígbà tí Enoch wá tọrọ mi lọ́wọ́ bàbá mi, Obadiah Lumb, ní Clerkenwell. Ojú aago ni bàbá mi máa ń kọ nọ́ńbà sí. Ohun tó bá fi ìbú irun orí kan yẹ̀, ó ti bàjẹ́ lójú rẹ̀.

"O rí Mósè rí?" ni bàbá mi bi í.

"Rárá, sà."

"Ta ló wá sọ fún ọ pé ó ní irùngbọ̀n?"

"Kò sí onígbàjámọ̀ láginjù, sà."

"Irọ́ lo fi ń jẹun, ọmọkùnrin yìí. N kò sì ní í fọmọ fún òpùrọ́."

Tíì tí mo ń dà lọ́wọ́, aṣọ tábìlì ni mo dà á sí. Bàbá mi wò mí, ó wo Enoch, ó mí kanlẹ̀.

"Ó dáa. Ya ẹnìkan tí mo mọ̀. Kó jáde nínú ìwé. Bí mo bá dá a mọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún mi, máa mú Keziah lọ. Bí n kò bá dá a mọ̀, máa bá ìkòkò tíì rẹ lọ."

Bí mo ṣe di Rúùtù nìyẹn. Ìwé ìtàn Bíbélì kan wà tí wọ́n ń tẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù. Àwòrán Rúùtù méjì ló fẹ́ wà nínú rẹ̀, ọ̀kan níbi tó ti ń ṣa ọkà lóko Bóásì, ọ̀kan níbi tó ti ru ọkà náà lọ fún ìyá ọkọ rẹ̀. Ilé ìdáná àǹtí mi ni mo ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ fún un, pẹ̀lú ìgbálẹ̀ tí a tú dípò ọkà. Ohun tó yà jọ mí débi pé ẹ̀rù bà mí.

Ìwé jáde. Bàbá mi há awò tó fi ń ṣiṣẹ́ aago sójú. Ó wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín, awò já bọ́ sínú tíì.

"Mo mà mọ̀ ọ́n o! Ìyàwó Spurling tí a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ni! Ṣé òun lo wá ń fẹ́? Ó lọ́kọ o!"

"Ó ku ọ̀kan, sà," ni Enoch wí. "Ti oṣù tó ń bọ̀."

"Ó ku ọ̀kan. Lẹ́yìn ìyẹn, má kan ilẹ̀kùn mi mọ́."

Enoch sáré lọ bá Spurling. Ìyáàfin Spurling ló bá tó ń bu ọbẹ̀ ẹran àgùntàn fún ọkọ rẹ̀.

"Ọ̀gá, ọ̀rọ̀ Rúùtù yẹn ni. Ìsàlẹ̀ ojú rẹ̀... ó pọ̀ díẹ̀."

"Kí ló pọ̀?"

Ìyáàfin yíjú sí i, pẹ̀lú gbogbo àgbọ̀n rẹ̀.

"Ọkà," ni ọkọ mi wí. "Ọkà ló pọ̀."

Wọ́n bu ọbẹ̀ fún un, ó jẹ ẹ́, ó padà wá sọ fún mi.

Mo kúnlẹ̀ gbàdúrà. Mo ní Olúwa tó mú Rúùtù dé ilé Bóásì kò ní jẹ́ kí àgbọ̀n ẹlòmíràn dí mi lọ́nà ilé ọkọ. N kò dúró gbọ́ èsì. Mo dé àkẹtẹ̀ mi, mo gba ilé Spurling lọ. Àwòrán kejì ti wà níwájú rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Èmi ni Rúùtù. Ẹ jẹ́ kí n jókòó síbí títí ẹ ó fi parí ojú mi."

"Ṣé mo ti fín ọ rí?"

"Ẹ ti fín mi, sà. Mi ò kàn jáde ni."

Kò yé e. Ó ń wò mí, ó ń fín lọ. Nígbà tó dé ìsàlẹ̀ ètè mi, mo rí i tí irin rẹ̀ fẹ́ yà sọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀ bí ẹṣin tó mọ ọ̀nà ilé. Mo wúkọ́. Ó dáwọ́ dúró. Ó tún bẹ̀rẹ̀, mo tún wúkọ́. Ìyáàfin Spurling gbọ́, ó wọlé. Ó wo igi, ó wò mí, ó mirí tàánútàánú.

"Josiah, fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọlọ́mọ kò ní àgbọ̀n. Má fún un ní ohun tí Ọlọ́run kò fún un."

"Ó máa burẹ́wà."

"Kó burẹ́wà. Ẹ̀bi tìẹ kọ́."

"Ẹ ṣeun, mà," ni mo wí. Wọn kò tíì bú mi kó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ rí.

Bó ṣe fín mi bí mo ṣe rí nìyẹn. Ìyáàfin gbá èérún igi jọ, gbogbo ohun tí Enoch fi ìfẹ́ yà, ó dà á sínú iná, a sì fi se tíì mu.

Nígbà tí ìwé oṣù náà jáde, Enoch dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́. Korobá èédú wà lọ́wọ́ tèmi. Bàbá mi wo ìwé títí, mo rò pé ó ti sùn.

"Ojú tó ṣú bí òjò yìí," ló wí níkẹyìn. "Ojú tí mo ń rí láràárọ̀ tí mo bá ti ní kí wọ́n gbé èédú wá. Keziah nìyí."

"Òun ni, sà."

"Ṣé bí Rúùtù inú Bíbélì ṣe máa ń fajú ro nìyí?"

"Ọkà ló wà lórí rẹ̀, sà. Ó wúwo."

Bàbá mi yọ awò lójú. "Òpùrọ́ ṣì ni ọ́. Ṣùgbọ́n irọ́ tìẹ ti ń jọ ènìyàn. Ẹ lọ bá àlùfáà kí n tó yí ọkàn padà. Keziah, gbé èédú yẹn sínú iná ná."

Mo ju korobá sílẹ̀. Èédú fọ́n ká gbogbo ilẹ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá. Mo wò ó, mo wo bàbá mi, mo sì lọ mú àkẹtẹ̀ mi.