Àwọn Ojú Fèrèsé

Nígbà tí mo wà ní kékeré l'Ájégúnlẹ̀, ojú fèrèsé ni mo ti kàwé. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ gba àdúgbò yẹn kọjá, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Àwa ọmọ pọ̀ ju kíláàsì lọ, ni wọ́n bá pín wa sí méjì: àwọn kan jókòó sínú, àwa yòókù jókòó síta lábẹ́ fèrèsé, à ń na ọrùn wo pátákó. Tísà kan náà, iṣẹ́ kan náà, lẹ́ẹ̀kan náà. Ètò ńlá, àbí? Àwọn olówó ò tíì gbọ́ irú ẹ̀ rí nígbà yẹn.

Àwa ojú fèrèsé la ń gbé ìjókòó wa wá látilé. Àpótí ìdáná ìyá mi ni tèmi. Láàárọ̀, bí mo bá ti pọnmi tán, tí mo gbálẹ̀ tán, màá nu èéfín ara ẹ̀, màá gbé e lérí, ó di ilé ìwé. Síbẹ̀ náà, ìdí yúnífọ́ọ̀mù mi dúdú bí ìdí ìkòkò. Bí mo bá sì gbàgbé àpótí síbi tí a ti ń ṣeré tẹ́ń-tẹ́ń, tí ìyá mi ò rí nǹkan jókòó lé láti ro ọkà, ha! Orógùn yẹn á rí iṣẹ́ mìíràn ṣe.

Ìgbádùn kúkú wà níta. Bí ìyá elépà bá ti ń kọjá, òórùn ẹ̀pà yíyan á gba imú wa, a ó rọra ra gúgúrú, a ó máa jẹ ẹ́ lákòókò ìṣirò. Àwọn tinú kíláàsì á máa gbé itọ́ mì. Ṣùgbọ́n bí tírélà tó ń lọ sí Kirikiri bá tẹ họ́ọ̀nù pẹ́nrẹ́n, ẹ̀kọ́ parí fún wa nìyẹn. Ẹnu tísà là ó máa wò, tó ń ṣí tó ń pa dé. A ó pariwo sí dírẹ́bà pé, "Ọ̀gá, àbẹ́ẹ̀gì na!" Òun á tún tẹ̀ ẹ́ sí i. Ẹgba nìkan ni kò níṣòro rárá. Ohùn tísà lè má dé ọ̀dọ̀ wa, ẹgba tísà a máa dé.

Mísíìsì Ògúnmọ́lá ni tísà wa. Wọn ò burú o, ṣùgbọ́n bí wọn ò bá kọjú sí pátákó, àwọn tinú kíláàsì ni wọ́n ń dá lóhùn. Lọ́dún tí a fẹ́ ṣe ìdánwò àtiwọ sẹ́kọ́ńdírì, a dé orí ìṣirò ìdá. Kò yé mi. Kò tilẹ̀ fẹ́ yé mi. Bàbá mi, tí wọ́n ń ru ẹrù ní èbúté Kirikiri, sì ti sọ̀rọ̀ tiwọn: bí mi ò bá yege, ọ̀dọ̀ aránṣọ ni mò ń lọ. Èmi tí mi ò lè ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́! Mo sunkún lọ bá ìyá mi. Wọ́n ní, "Ọmọ tó bá ṣípá là ń gbé. Na ọwọ́ sókè, kí o béèrè." Mo nawọ́. Nígbà tó rẹ̀ mí, mo fi ọwọ́ òsì gbé tọ̀tún dúró. Mo ṣípá ṣípá, kò sẹ́ni tó gbé mi.

Ràṣídá ọ̀rẹ́ mi, tó jókòó nínú lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ló rí omijé lójú mi. Ló bá dìde, ó figbe ta: "Ma! Àwọn ojú fèrèsé ń pè yín o!"

Mísíìsì Ògúnmọ́lá jáde sínú oòrùn. A ti ń múra de ẹgba. Wọ́n wò wá títí, bí ẹni tó gbàgbé ọmọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ta ló ń pè mí?"

"Èmi ni, ma."

Wọ́n mú ṣọ́ọ̀kì, wọ́n kọ ìdá sára ògiri níta, wọ́n bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá kọ́ wọn nínú tán, wọ́n á jáde wá kọ́ wa lára ògiri. Mo yege. Bàbá mi ra mínírà fún gbogbo ilé.

Wàyí o, Apápá ni mò ń gbé, Ìfẹ́ ọmọ mi sì ń lọ sílé ìwé àwọn tó lajú. Lọ́dún yìí, wọ́n pe àwa òbí jọ, wọ́n ní nítorí tírélà tó ń dí Creek Road, àwọn ti mú ohun tuntun dé láti òkè òkun: ìdajì ọmọ á wá sí kíláàsì, ìdajì á máa wò ó nílé lórí tábúlẹ́ẹ̀tì, wọn á sì máa gbà á fún ara wọn. Tísà kan náà, lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo òbí pàtẹ́wọ́. Èmi bú sẹ́rìn-ín. Ọkọ mi fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi. Ohun tuntun! Ó ku kí wọ́n ní ká gbé àpótí ìdáná wá.

Nǹkan ti yàtọ̀ lóòótọ́. Àga Ìfẹ́ ní tìmùtìmù, ìdí aṣọ ẹ̀ ò dúdú, kò sẹ́ni tó ń nà án. Nẹ́tíwọ̀kì ló wá gbaṣẹ́ dírẹ́bà tírélà. Gúgúrú nìkan ni ò yí padà. Ṣùgbọ́n ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, mo wà nílé, mo rí Ìfẹ́ tó gbé ọwọ́ kékeré aláwọ̀ ìyeyè kan sókè lójú tábúlẹ́ẹ̀tì, àmì pé ó fẹ́ béèrè nǹkan. Ìdá ni wọ́n ń ṣe. Tísà, ọ̀dọ́mọkùnrin dáadáa kan, kẹ̀yìn sí i, ó ń dá àwọn tó wà níwájú ẹ̀ lóhùn. Mo lọ gbé ìrẹsì kaná, mo padà dé, ọwọ́ náà ṣì wà lókè. Omi ti kún ojú ọmọ mi.

"Mọ́mì, ṣé wọn ò rí mi ni?"

Inú bí mi, kí n má purọ́. Mo nawọ́, mo tẹ ibi tí ohùn ń gbà lọ, mo sì figbe ta bí ọmọ Ajégúnlẹ̀ tí mo jẹ́: "Tísà! Àwọn ojú fèrèsé ń pè yín o!"

Gbogbo kíláàsì yíjú. Ìfẹ́ fọwọ́ bojú. Tísà sún mọ́ wa títí imú ẹ̀ fi gba gbogbo ojú tábúlẹ́ẹ̀tì, ó béèrè pé ta ló ń pe òun. Mo fọwọ́ tọ́ ọmọ mi léjìká. Ó ṣíwọ́ lójú, ó gun orí àga, ó dìde dúró gbọnrangandan.

"Èmi ni, sà."