Ìwé Tí N Kò Fi Àmì Sí

Àdán ni àwọn òṣìṣẹ́ wa ń pe ẹ̀rọ náà. Ó dorí kodò lókè gọ́tà tí omi ilé iṣẹ́ aṣọ wa ń gbà jáde. Ó máa ń ké igbe tí etí ènìyàn kò lè gbọ́, á sì dúró kí igbe náà ta padà láti orí omi. Bí ó bá tètè padà, omi ga. Bí ó bá pẹ́, omi ti lọ sílẹ̀. Ibẹ̀ la ti ń mọ bí omi tó ń gba inú páìpù kọjá ṣe pọ̀ tó. Èmi ni mo ń tọ́jú rẹ̀ ní Ọ̀tà, nígbà Sáàpù, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba tó sọ owó wa di yẹpẹrẹ, tí a kò lè ra òmíràn láti òkè òkun mọ́. Bí ọṣẹ bá hó bo orí omi, àdán á bẹ̀rẹ̀ sí í purọ́. A ó dí gọ́tà, a ó nu ojú ẹ̀rọ náà, nígbà tí gọ́tà bá sì gbẹ, a ó dá a padà sí òdo, kí ó tún máa kà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Obìnrin kan ṣoṣo tó ní ìwé ẹ̀rí níbẹ̀ ni mí, n kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé.

Bàbá kan láti apá Ọ̀ṣun ló ń bá mi ṣiṣẹ́. Ó dàgbà jù mí lọ dáadáa, síbẹ̀ "Mà" ló ń pè mí. Yorùbá nìkan ló lè kà. Ní ọjọ́ Ẹtì kan tí mo ń kánjú lọ sí Èkó, mo ti dí gọ́tà, omi aró tí a kò tíì yọ májèlé rẹ̀ sì ti kún táǹkì. Mo kọ ìwé pélébé kan, mo fi há ara táǹkì fún un: "Bi gota ba gbe, e da a pada si odo."

Mo mọ àmì ohùn bí mo ṣe mọ orúkọ mi. Mo ní kò sí àyè.

Nígbà tó fi di ọjọ́ Ajé, odò ẹ̀yìn ilé iṣẹ́, tí a ti ń fa omi, ti di búlúù. Àwọn obìnrin tó rẹ pákí síbẹ̀ ru abọ́ wá sẹ́nu géètì.

"Ẹ wá fi eléyìí ro fùfú kẹ́ ẹ jẹ ẹ́! Ṣé aṣọ la ní ká rẹ ní aró ni?"

Ọ̀gá wa pe àwa méjèèjì. Àsìkò tí wọ́n ń wá ohun tí wọn yóò fi lé òṣìṣẹ́ ni. Bàbá yọ ìwé náà láti inú fìlà rẹ̀.

"Ọ̀gá, ohun tí Mà ní kí n ṣe ni mo ṣe."

Ọ̀gá gbà á, ó kà á sókè: "Ẹ dà á padà sí odò." Ó wò mí. Mo rí i pé ó yé e pé ìwé náà kò ní àmì. Ó wá rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Mádàámù, kí lo kọ síbẹ̀?"

"Òdo," ni mo wí. "Ẹ dá a padà sí òdo. Àdán ni mo ń wí."

"Ẹ ò gbọ́ nǹkan! Òdo ló kà sí odò! Bàbá, ṣé o fẹ́ lọ lúwẹ̀ẹ́ ni?"

Àwọn akọ̀wé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

"Mà," Bàbá ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á bí ẹ ṣe kọ ọ́."

Kò ṣeé kà bẹ́ẹ̀. Bí mo ṣe kọ ọ́ kò ní ohùn kankan. Mo sì mọ̀ pé bí mo bá jẹ́wọ́, èmi ni wọn yóò lé.

"Mo ti kà á," ni mo sọ.

Ọjọ́ náà ni wọ́n dá a dúró. Ó wá dá bàtà iṣẹ́ padà, ó na ìwé náà, tí ọ̀gá ti dá padà fún un, sí mi. "Ẹ fi àmì sí i, Mà, nítorí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi." Kò fi bú mi. Ìmọ̀ràn ló fi gbà mí.

Kò tó ọdún kan tí ọ̀gá yẹn fi lé èmi náà, pẹ̀lú ẹ̀rín músẹ́ kan náà. Èèyàn iyì ni wọ́n ń pè é ní àdúgbò Ṣàngó báyìí. Kó má gbàgbé: òun ló kọ́kọ́ kà á sí odò lójú wa.

Lẹ́yìn tí wọ́n lé mi ni mo tó wá Bàbá lọ sí Joju, àdúgbò tó ń gbé. Mo ti fi bírò pupa fi àmì sí gbogbo ọ̀rọ̀ inú ìwé náà. Obìnrin tí wọ́n jọ ń gbélé sọ pé Bàbá ti kó lọ sí ìlú rẹ̀.

"Ṣé ẹ fẹ́ kọ ìwé sílẹ̀ dè é ni, Mà?"

Mo ní rárá.